Esculenta ni ẹ̀gẹ́, esculenta ni olú

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìlárá Rẹ́mọ lásìkò ìsinmi, ìyá àgbà ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, èmi sì ń ka ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kíláàsì wa. Ẹnì kan fi àwòrán olú kan ránṣẹ́, Gyromitra esculenta, ó ní: "Esculenta bíi ti ẹ̀gẹ́. Ó ṣeé jẹ nìyẹn." Èèyàn mẹ́ta ti gbè é lẹ́yìn kí n tó dé ibẹ̀.

Lóòótọ́, lédè Látìn, esculenta ni ohun tó ṣeé jẹ. Ẹ̀gẹ́ ni Manihot esculenta, kókò ni Colocasia esculenta, ilá ni Abelmoschus esculentus. (Ewùrà tá a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ kò sí níbẹ̀, Dioscorea alata ni tiẹ̀.) Ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́kọ́, ìyẹn genus, ló dà bí orúkọ ìdílé. Èkejì dà bíi Táyé: Táyé wà nílé wa, Táyé wà nílé kejì, ìyẹn ò sọ wọ́n dọmọ ìyá.

Òfin kan náà ló ń darí orúkọ ewéko àti ti olú. Kò gbà kí ewéko kan àti olú kan jọ ní genus kan náà, àmọ́ orúkọ kejì kò ní ìdíwọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nínú Species Plantarum ti 1753, Linnaeus ka olú mọ́ ewéko. Ó pe ilá ní Hibiscus esculentus, ó pe kókò ní Arum esculentum, ó sì pe olú kan ní Phallus esculentus, èyí tó ń jẹ́ Morchella esculenta lónìí. Ìparí ọ̀rọ̀ náà ń yí padà torí pé Látìn ń ya akọ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. A dúpẹ́ pé Yorùbá ò ní wàhálà yẹn.

Olú inú àwòrán náà wá ńkọ́? Gyromitrin inú rẹ̀ lè pani. Tó bá dénú ara, ó ń di monomethylhydrazine, ohun tí wọ́n ń lò nínú epo rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Finland ń jẹ ẹ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á tún un bọ̀.

Ẹ̀gẹ́ náà ní tiẹ̀: linamarin, tó ń tú cyanide sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rin ín, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó yan án. Kókò tútù sì ń yúnni lọ́fun.

Mo bi ìyá àgbà bóyá wọ́n lè jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ní tútù. Wọ́n wò mí títí.

"Ṣé ìwọ náà lò ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì?"

Mo ya àwòrán àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé òkúta lé, mo fi ránṣẹ́ sí kíláàsì.