ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ Ẹ̀YÁWÓ ILÉ NÍ NÀÌJÍRÍÀ: TA NI WỌ́N Ń JẸ́ IṢẸ́ FÚN?

1. Ìfáárà

Kí báńkì tó dé ni Yorùbá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó yíyá kì í ṣe ti ẹni méjì péré. Onígbọ̀wọ́ a máa dúró fún ẹni tí ó yá owó. Ológò ni olówó ń rán lọ jókòó ti ajigbèsè títí gbèsè yóò fi di sísan. Ìlú mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ iṣẹ́ fún. Nínú ẹ̀yáwó ilé òde òní, níbi tí ènìyàn ti ń fi ilé dógò gba owó, ìyàtọ̀ yìí kò hàn sí gbogbo ènìyàn mọ́. Òun ni iṣẹ́ yìí yóò tú palẹ̀.

2. Àwọn Òṣìṣẹ́ Náà

Òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó ni àkọ́kọ́. Lábẹ́ òfin National Housing Fund ti 1992, òṣìṣẹ́ tí ó ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ yóò gba ọwọ́ báńkì ẹ̀yáwó ilé kan béèrè owó lọ́wọ́ Federal Mortgage Bank of Nigeria, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1977. Òṣìṣẹ́ báńkì yìí ni yóò wò ó bóyá owó oṣù náà tó san gbèsè. Agbaninímọ̀ràn kọ́ ni. Báńkì ni ọ̀gá rẹ̀.

Èkejì ni adíyelé ilé, tí ń sọ iye tí ilé lè pa lọ́jà, àti iye tí yóò pa bí a bá fi ìkánjú tà á.

Ẹ̀kẹta ni agbẹjọ́rò báńkì, tí ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò, tí ń kọ ìwé ìdógò, tí ó sì ń wá àṣẹ gómìnà.

3. Ọ̀rọ̀ Àṣẹ Gómìnà

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 béèrè àṣẹ yìí kí a tó fi ilẹ̀ dógò. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìdógò tí kò ní àṣẹ gómìnà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kódà bí onílẹ̀ bá ti ni ín ṣáájú òfin náà. Báńkì tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ti pàdánù ohun ìdógò rẹ̀. Abájọ tí agbẹjọ́rò rẹ̀ fi ń ṣọ́ ìwé náà lójú méjèèjì: báńkì ni ó ń ṣọ́ ọ fún.

4. Àgbálọgbábọ̀

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó ń yá owó ni ó ń san owó iṣẹ́ adíyelé àti ti agbẹjọ́rò báńkì. Èyí ni ó ń mú un rò pé òun ni ó ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, báńkì ni wọ́n ń jábọ̀ fún. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ fún un pé èlé ti pọ̀ jù, tàbí bí ilé ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà nìkan ni ó lè ṣe èyí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí.