Jíìpù tí kì í mu epo: Ẹ ṣírò iná ilé yín kẹ́ ẹ tó gbà á

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tẹ́ ẹ fi Alesa àti gbogbo agbègbè Port Harcourt ṣe ibùgbé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé àwa ará ilé lọ́jọ́ Sunday kan, ó sì kan gbogbo ẹni tó bá lọ́mọ nílùú òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé e wá síbí.

Bàbá kan láàrin wa, ọmọ Ìkirun tó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbí, ló fa fóònù yọ nígbà tá a jẹun tán. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní London ló fi àwòrán jíìpù bọ̀gìnnì kan ránṣẹ́, Jaguar I-Pace, tó dúdú tó ń dán. Ohun tí ọmọ náà kọ sábẹ́ àwòrán ni pé, "Daddy, ẹ ò ní í ra epo mọ́ láyé yín." Iná mànàmáná ni jíìpù ọ̀hún ń lò. Ọmọ ni yóò san owó mọ́tò àti owó ọkọ̀ ojú omi, ti bàbá kò ju kó gbà á jáde ní èbúté Onne lọ. Bàbá sì ti ń wá ẹni tí yóò ra jíìpù elépo rẹ̀ àtijọ́, kó lè rí owó san fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ní, "Iléyá tó ń bọ̀ yìí, òun ni mo fẹ́ fi wọ Ìkirun."

Ta ni kò ní í yọ̀? Ṣebí bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa la bá a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò dín kù, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì ta jíìpù rẹ̀, kó jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ohun tá a ṣírò lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wá. Alesa yìí kan náà ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ìfọpo àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí lọ́dún 1965, tí wọ́n tún kọ́ èkejì tì í lọ́dún 1989, tí àwọn méjèèjì jọ lágbára láti fọ àgbá epo rọ̀bì 210,000 lójúmọ́. Síbẹ̀, àwa tá à ń gbé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti tò sórí ìlà epo títí ó fi sú wa. Lẹ́yìn tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n jí èyí àtijọ́ dìde lọ́jọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tún tì í pé àwọn fẹ́ ṣàtúnṣe. Ti owó epo wá ńkọ́? Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà láwọn iléepo kan. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000 náírà níbi púpọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wá ní kó má ra epo mọ́, ṣé a lè bá a wí pó ń yọ̀?

Mọ́tò oníná kì í sì í ṣe àlọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Gómìnà Sanwo-Olu fúnra rẹ̀ wa Hyundai Kona tó ń lo iná l'Ékòó, èyí tí ilé-iṣẹ́ Stallion gbé jáde. Mílíọ̀nù 24 náírà ni wọ́n pè é nígbà náà, wọ́n sì ní bó bá gba iná kún, yóò rin kìlómítà 482. Lọ́dún 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò ṣíṣe fi ibùdó ìgbaná tó ń lo oòrùn sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó.

Jaguar tí ọmọ bàbá rà yìí ga ju Kona lọ dáadáa. Ọdún 2018 ló jáde, Austria ni wọ́n ti tò ó, òun ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ mọ́tò tó dára jù lágbàáyé fún ọdún 2019. Kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò ní sàlẹ́ńsà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti ń sáré 100, ariwo kò sì ní í jáde lára rẹ̀. Èéfín kankan kò sì sí. Ní Port Harcourt tí èéfín dúdú ti ń bà sára aṣọ àti inú ihò imú wa láti ọdún 2016, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ó wá ku ìṣirò. Yúnìtì tí à ń rà sínú mítà ni bátìrì mọ́tò yìí ń jẹ, 90 yúnìtì ló sì ń gbà. Iná díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, nítorí náà ká pè é ní 100. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti bíi 68 náírà lọ sí 225 ní yúnìtì kan, lẹ́yìn náà ló rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bá a bá fi 210 ṣírò ó, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún náírà ni àkúnwọ́sílẹ̀ kan. Àwọn tó ṣe é ní yóò rin kìlómítà 470, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù àti eré ojú pópó, ká fọkàn sí 350. Jíìpù elépo bàbá yóò mu bíi lítà 45 kó tó rin ìyẹn. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta nìyẹn. Bàbá pàtẹ́wọ́, ó ní, "Mo ti wí fún ẹ!"

Mo ní kó fara balẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kò lè fún mọ́tò ju bíi yúnìtì méjì ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Kí 100 tó pé, iná ní láti wà fún ogójì wákàtí. Mo bi í léèrè wákàtí mélòó ló ń rí ládùúgbò tirẹ̀. Ó ní ọjọ́ mìíràn mẹ́rin, ọjọ́ mìíràn òfo. Ó ní ṣebí jẹnẹrétọ̀ wà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà! Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń lò nílé kì í fúnni ju bíi yúnìtì méjì lọ nínú lítà epo kan. Lítà àádọ́ta ni yóò mu kí bátìrì tó kún, èyí sì ju ohun tí jíìpù àtijọ́ ń mu lọ. Epo náà la tún rà yẹn, ẹ̀yìnkùlé la kàn gbé e gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, mọ́tò náà lè wúlò fún ìrìn àárín ìlú. Láti Alesa dé ìgboro Port Harcourt lọ àti bọ̀, kò ju bíi kìlómítà àádọ́ta lọ, yúnìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tó o. Ẹni tó bá ń rí iná wákàtí mẹ́fà lóru, tàbí tó ní sólà tó lágbára lórí òrùlé, á rí i lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò wa níbí kì í jẹ́ kí oòrùn ràn bó ṣe yẹ. Kó sì pe rewáyà gidi kó wo ẹ́ẹ̀tì ilé, torí ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná kì í gba iná níbi tí kò bá ti sí ẹ́ẹ̀tì.

Ti Ìkirun ló le. Láti ibí dé Ìkirun ju kìlómítà 500 lọ. Agbára bátìrì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lẹ́yìn Benin. Bí bàbá bá yà sí òtẹ́ẹ̀lì tó sì bẹ̀ wọ́n fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, ogún wákàtí ni yóò fi dúró kó tó gba àádọ́ta yúnìtì. Wọn á ti jẹ ẹran Iléyá tán nílé kó tó dé. Ilé sì ni àbọ̀ simi oko. Mọ́tò tí kò lè gbé ọmọ Yorùbá délé lọ́dún, ìlàjì mọ́tò ni.

Àtúnṣe náà ń bẹ. Agbára iná inú bátìrì yẹn ju 350 fóltì lọ, kì í ṣe ohun tí mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà máa fi sípánà tú. Wọ́n tilẹ̀ ti ṣíwọ́ ṣíṣe I-Pace. Lọ́dún 2024, Jaguar pe àwọn kan tí wọ́n ṣe fún ọdún 2019 padà l'Amẹ́ríkà, nítorí bátìrì wọn lè gbiná. Kí ọmọ tó bá fẹ́ rà á yẹ nọ́ńbà ṣáṣíìsì rẹ̀ wò, kó ní kí wọ́n yẹ bátìrì wò, kó sì béèrè bóyá ìdánilójú ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ṣe lórí bátìrì náà yóò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti owó ló bà á lẹ́rù. Ó ní, "Bí mo bá ní kó má gbé e wá, ṣé ọmọ yìí kò ní í rò pé mi ò mọ rírì òun?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ọ̀pọ̀ wa ló ti gba ohun tí kò wúlò kí ojú ọmọ má baà tì í.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló pè é. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún un títí, ó wá ní, "Ọmọ mi, iná ni kó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́." Ó ní kó fi ìdá kan nínú owó náà ra sólà àti bátìrì ilé, kí fíríìjì ìyá rẹ̀ má ṣíwọ́ iṣẹ́. Ilé àyágbé ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n sólà ṣeé tú kó lọ Ìkirun lọ́jọ́ tí wọ́n bá relé. Jíìpù lè tẹ̀lé e lẹ́yìn ìgbà tí iná bá ti wà nílé. Bàbá sọ fún mi pé ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tilẹ̀ rántí bi wọ́n bóyá iná wà.

Jíìpù elépo àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ lẹ́yìnkùlé. Òun ni wọ́n máa gbé relé ní Iléyá. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì sọ iye wákàtí tẹ́ ẹ fi ń ríná fún wọn.