Òdòdó Kún Oko, Èso Kò Tó Nǹkan: Àwọn Irinṣẹ́ Tó Ń Bá Wa Gbé Ìyẹ̀ Òdòdó

Oko ẹ̀gúsí lè yọ òdòdó láti etí kan dé ekejì, kí bàrà tí olóko máa kó níkẹyìn má sì tó nǹkan. Lágbègbè Ìwó, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, òjò la kọ́kọ́ máa ń bá wí, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tó ti ṣá, lẹ́yìn náà ajílẹ̀ tó ti gbówó lórí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí a kì í pè sí ìdájọ́ náà rárá: ẹni tó yẹ kó gbé ìyẹ̀ láti inú akọ òdòdó lọ sínú abo. Bí onítọ̀hún kò bá wá, kò sí ajílẹ̀ tó lè bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyẹ̀ yìí ni lẹ́búlẹ́bú tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ téèyàn bá fọwọ́ kan àárín òdòdó. Lára ẹ̀gúsí, akọ òdòdó wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìtàkùn kan náà ni méjèèjì ń hù. Abo kò ṣòro dá mọ̀: bàrà kékeré roboto ti wà nídìí rẹ̀ kó tó là rárá. Òwúrọ̀ ló ń là, bí oòrùn bá sì ti mú, ó ti ń ká. Láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn ni ìyẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Bí kò bá dé, bàrà kékeré náà á pọ́n, á sì rẹ̀ dànù. Bó bá dé tí kò tó, bàrà á dàgbà ṣùgbọ́n á wọ́, hóró inú rẹ̀ kò sì ní pọ̀, nítorí hóró ẹ̀gúsí kọ̀ọ̀kan ló nílò ẹyọ ìyẹ̀ tirẹ̀. Bàrà tó bá ní hóró 200 nínú ti gba ẹyọ ìyẹ̀ 200, ó kéré tán.

Àgbàdo kò mọ wàhálà yìí. Afẹ́fẹ́ ló ń gbọn ìyẹ̀ láti orí rẹ̀ sílẹ̀ sórí irun tó yọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, irun kọ̀ọ̀kan sì ni ọ̀nà hóró kan. Ẹ̀gúsí, elégédé, wọ́tàmẹ́lọ̀n àti kùkúńbà kò lè gbẹ́kẹ̀ lé afẹ́fẹ́, torí ìyẹ̀ wọn wúwo, ó sì ń lẹ̀. Kòkòrò ni wọ́n ń retí. Ohun tí mo fẹ́ kí àgbẹ̀ dì mú nìyí: irè oko kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń bá a gbé ìyẹ̀. Irinṣẹ́ tó bá ẹ̀gúsí mu lè má ṣe kòkó láǹfààní kankan, àwọn tó ń polówó irinṣẹ́ kì í sì í sábà sọ èyí.

Fún ẹ̀gúsí àti àwọn ìbátan rẹ̀, oyin ni ọ̀gá. Ara oyin kún fún irun, bó sì ti ń fò ni iná mànàmáná tín-ín-rín ń gbára jọ sí i lára, tó fi jẹ́ pé ìyẹ̀ á fò mọ́ ọn bó bá ti sún mọ́ òdòdó. Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé bí oyin kan bá jáde nílé tó bẹ̀rẹ̀ sórí òdòdó ẹ̀gúsí, orí ẹ̀gúsí ni yóò máa bá lọ títí yóò fi padà. Kì í ya ìdí òdòdó mìíràn lójú ọ̀nà, nítorí náà ìyẹ̀ tó gbé kì í ṣòfò. Ó sì lè rin kìlómítà mẹ́ta láti ilé rẹ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́.

Oyin ti wà nínú igbó wa tẹ́lẹ̀; kí wá ni àpótí oyin tí a ń gbé sóko wà fún? Nítorí ibùgbé ni. Oko tí a ti gé gbogbo igi oníhò inú rẹ̀ kò ní ibi tí oyin lè forí pamọ́ sí mọ́. Àwọn baba wa ń lo ìkòkò amọ̀, akèrègbè àti igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀. Oyin ń wọ inú wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ara ògiri ni wọ́n ń lẹ afárá mọ́, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè yọ ọ́ láìfọ́ ọ. Nítorí èyí ni àwọn tó ń wá oyin ṣe ń fi ògùṣọ̀ lé e lóru. Wọ́n á rí oyin gbà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo agbo oyin á jóná, oko tó wà nítòsí á sì pàdánù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹni tó tú ìdí ọ̀rọ̀ afárá yìí ni Lorenzo Langstroth, pásítọ̀ kan ní Philadelphia, Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1851 ó ṣàkíyèsí pé bí àlàfo bá fẹ̀ tó mìlímítà 6 sí 9, oyin á fi í sílẹ̀ bí ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà kọjá. Bí àlàfo bá há jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi oje igi dí i pa. Bó bá fẹ̀ jù, wọ́n á kọ́ afárá sí i. Ó wá ṣe fírémù tó fi àlàfo yẹn gan-an sílẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, afárá sì di ohun tí à ń fọwọ́ fà yọ tí a sì ń dá padà. Ọdún 1852 ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀.

Àpótí Langstroth dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kafíńtà kò sì gbọdọ̀ ṣì í wọn níbì kankan. Èyí tó bá wa mu jù lójú mi ni àpótí Kẹ́ńyà, tí àwọn onímọ̀ Kẹ́ńyà àti ti Yunifásítì Guelph ní Kánádà jọ ṣiṣẹ́ lé lórí ní àwọn ọdún 1970. Òkè rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ há. Igi pẹlẹbẹ ni wọ́n tò bo orí rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì láìsí àlàfo. Igi kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 32, torí bí oyin ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń fi àyè sáàárín afárá kan sí èkejì nìyẹn. Lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fa ìlà ìda oyin. Ibẹ̀ ni oyin á ti bẹ̀rẹ̀ afárá, tí á máa kọ́ ọ bọ̀ nísàlẹ̀. Nítorí pé ògiri àpótí dagun, oyin kì í sábà lẹ afárá mọ́ ọn. Ẹ gbé igi kan sókè, afárá kan ló bá a wá. Oyin wa a máa bínú gan-an, ibí sì ni àǹfààní àpótí yìí pọ̀ sí: bí ẹ bá ṣí àpótí Langstroth, gbogbo ilé ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n nínú ti Kẹ́ńyà, ojú ibi kan péré lẹ ṣí, àwọn yòókù ṣì wà nínú òkùnkùn wọn. Kafíńtà tó bá lè kan àga ní Ìwó lè kàn án.

A kì í sábà ra oyin sínú àpótí lọ́dọ̀ wa, ńṣe là ń tàn án wọlé. Ìda oyin tí a yọ́ sábẹ́ àwọn igi náà àti ewé tíì tí a fi ra inú àpótí máa ń fa àwọn tó ń wá ilé. Ẹ gbé àpótí sí ìkángun oko, kí ó jìnnà sí ilé, sí ọ̀nà àti sí ibi tí ẹ so ewúrẹ́ mọ́. Ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú agolo tí ẹ da òkú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí, nítorí èèrà àti ìjàlọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, èéfín ni ohun ìjà, kì í ṣe iná. Oyin tó bá ta ènìyàn máa ń tú òórùn kan jáde láti fi pe àwọn yòókù wá jà, òórùn náà sì jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n. Èéfín á bo òórùn náà mọ́lẹ̀. Yóò sì mú kí àwọn tó wà nílé sáré mu oyin kún inú, bíi pé wọ́n fẹ́ ṣí kúrò. Ẹni tó ń lọ sídìí àpótí kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó lọ.

Ní Kalifọ́níà, fífi àpótí oyin gbé ìyẹ̀ ti di òwò tó dá dúró. Lóṣù Kejì ọdọọdún, àpótí oyin tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá kó wá sínú oko álímọ́ńdì, olóko a sì san owó fún olóyin nítorí ìyẹ̀ nìkan.

Ìtàn ọ̀pẹ ní tiẹ̀ jẹ́ tiwa, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Lójú ọ̀nà tó jáde ní Ìwó lọ sí Kúta tàbí sí Ilé-Ogbó, ọ̀pẹ kò jìnnà sójú. Ìdí ọ̀pẹ kan náà ló ń yọ akọ òdòdó àti abo, ṣùgbọ́n á yọ akọ fún sáà kan, á yọ abo fún sáà mìíràn, nítorí náà ìyẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ara ọ̀pẹ kan dé ara òmíràn. Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e.

Lọ́dún 1848 ni wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin láti Áfíríkà sí Bogor ní erékùṣù Java. Láti ibẹ̀ ni irú rẹ̀ ti tàn dé Màléṣíà, níbi tí oko ọ̀pẹ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1917. Igi rékọjá òkun, kòkòrò rẹ̀ kò bá a lọ. Ẹyìn kò so dáadáa níbẹ̀, àwọn oníléeṣẹ́ sì ń gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa ti ìdí ọ̀pẹ kan dé òmíràn pẹ̀lú ìgò rọ́bà tí wọ́n po ìyẹ̀ àti àtíkè sínú rẹ̀. Wọ́n á fún ìgò náà, eruku á fò sórí abo òdòdó. Owó ńlá ló ń bá a lọ. Leslie Davidson, tó ti ṣiṣẹ́ fún Unilever ní Kamẹrúùnù kó tó dé Màléṣíà, kò gbà pé afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n rán onímọ̀ nípa kòkòrò, R. A. Syed, lọ sí Kamẹrúùnù, ó sì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà: kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń jẹ́ Elaeidobius kamerunicus. Lọ́dún 1981 ni wọ́n tú u sílẹ̀ nínú oko ní Johor. Ẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í so kún ìdì, iṣẹ́ fífún ìgò sì dáwọ́ dúró ní ọ̀pọ̀ oko.

Ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà ṣe é jinlẹ̀. Inú akọ òdòdó ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ń yé sí, inú akọ tó ti gbẹ sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Òórùn líle kan tí akọ ń tú jáde ló ń pè é. Abo kò ní oúnjẹ kankan fún un, ṣùgbọ́n òun náà a máa tú irú òórùn yẹn jáde nígbà tó bá ṣetán. Kòkòrò á fò wá, á rìn kiri lórí abo, kò ní rí nǹkan jẹ, á sì kúrò. Ìyẹ̀ tó gbé wá ti kù síbẹ̀.

Kòkòrò yìí kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ sé mọ́ta ní NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1939 nítòsí ìlú Bìní. Láti rí irúgbìn ọ̀pẹ àgíríìkì, tí ẹran rẹ̀ nípọn tí èèpo ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ìyẹ̀ láti ara oríṣi kan tí ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ kò ní èèpo líle gbọ́dọ̀ bà sórí abo oríṣi tí èèpo rẹ̀ nípọn. Ìyẹ̀ àjèjì kan kò gbọ́dọ̀ wọlé. Nítorí náà wọ́n á fi àpò bo abo òdòdó ní bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó là, wọ́n á di ẹnu àpò náà pinpin kí kòkòrò má ráyè. Àpò náà ní fèrèsé kékeré tí wọ́n ń wò. Bí abo bá ti là, wọ́n á lu fèrèsé yẹn níhò, wọ́n á fẹ́ ìyẹ̀ tó pò mọ́ àtíkè wọlé, wọ́n á sì tún ihò náà dí.

Ẹni tó gbin ọ̀pẹ àgíríìkì lè bá ìṣòro mìíràn pàdé: nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, abo ló sábà máa ń pọ̀, akọ a sì ṣọ̀wọ́n. Níbi tí kò bá sí akọ, kò sí ìyẹ̀, kò sì sí ilé fún kòkòrò. Ìgò àtíkè tún wúlò níbẹ̀. Ní Indonéṣíà àti Màléṣíà, wọ́n tún ń lo àpótí kan: wọ́n á kó akọ òdòdó tó ti gbẹ sínú rẹ̀, bí àwọn ọmọ kòkòrò bá sì ti ń jáde, orí ìyẹ̀ tí wọ́n dà sójú ọ̀nà ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí wọ́n tó rí ìta. Pẹ̀lú ẹrù lára ni wọ́n fi ń wọ inú oko. Àwọn adẹ́mu wa náà ní láti gbọ́ èyí: akọ òdòdó ni wọ́n ń dá lórí ọ̀pẹ tó wà lóòró. Bí wọ́n bá dá gbogbo akọ tó wà nínú oko kan, wọ́n ti gba ilé lọ́wọ́ kòkòrò yẹn.

Kòkó kò bá ọ̀pẹ dọ́gba, kò sì bá ẹ̀gúsí dọ́gba. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó há, oyin kì í sábà ṣe é láǹfààní. Àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín tí wọn kò ju kantíkantí lọ ló ń wọ inú rẹ̀, inú ewé jíjẹrà, èèpo kòkó àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà ni wọ́n sì ń pamọ sí. Òdòdó tí ìyẹ̀ kò bá kàn á já bọ́ kí ọjọ́ kejì tó parí. Lọ́dún 2017 ni COCOBOD, àjọ tó ń bójú tó kòkó ní Gánà, bẹ̀rẹ̀ ètò fífi ọwọ́ fi ìyẹ̀ kan òdòdó kòkó. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olójú ni, igi tó bá sì so púpọ̀ ń fẹ́ oúnjẹ púpọ̀. Ní tèmi, ẹni tó ní kòkó kékeré kó kọ́kọ́ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sábẹ́ igi rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ti tòmátò, gbígbọ̀n ló ń fẹ́. Akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹ̀ wà nínú àpò tó ní ihò kékeré lórí. Lóko gbangba, atẹ́gùn àti àwọn oyin dúdú ńlá tó ń lu igi ń gbọ̀n ọ́n. Nínú ilé ọ̀gbìn tí a fi ọ̀rá bò, kò sí èyíkéyìí nínú wọn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníbátìrì tí a fi kan ẹ̀yìn òdòdó láàárọ̀ sì tó fún oko kékeré. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n fi ń fọ́n ìyẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè kò tíì kàn wá rárá.

Kí ẹ tó náwó lé ohunkóhun, ẹ dán èyí wò. Lówùúrọ̀, ẹ já akọ òdòdó ẹ̀gúsí, ẹ bó ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, ẹ fi ìyẹ̀ rẹ̀ pa orí abo 20, kí ẹ sì so òwú pupa mọ́ wọn. Ẹ so òwú dúdú mọ́ abo 20 mìíràn láìfọwọ́ kàn wọ́n. Bí ti òwú pupa bá fi púpọ̀ so ju ti òwú dúdú lọ, oyin ni kò tó, àpótí yóò sì san owó ara rẹ̀ padà. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ lọ wo ilẹ̀ yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò láàárọ̀ nígbà tí òdòdó là; ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ tí oyin ti wọlé. Ilé ìwádìí NIHORT wà ní Ìdí-Iṣin n'Ìbàdàn fún ọ̀rọ̀ èso àti ewébẹ̀, CRIN sì wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ fún ti kòkó. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè, kí ẹ tó fowó lé ẹni tó ń polówó lọ́wọ́.