Bọ́ọ̀lù ọjọ́ kan, àìsàn ọdún mọ́kàndínlógójì: kí la ó ṣe fún agbábọ́ọ̀lù wa tó dùbúlẹ̀?

Ní Ladjifarani, nílùú Parakou, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, bọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọmọdé á fi òkúta méjì ṣe ojú ilé, àwọn ọ̀dọ́ á bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eruku á sọ. Ẹni tó ń ti ọjà Arzèkè bọ̀ á dúró díẹ̀, á gbé ẹrù kalẹ̀, á wòran kó tó wọlé. Oní-zémìjàn náà á fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, á ní kí ẹni tó gbé sẹ́yìn ṣe sùúrù, ó fẹ́ rí bí bọ́ọ̀lù yẹn yóò ṣe wọlé.

Gbogbo àdúgbò ló sì ní ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń dún nídìí bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá ti gba bọ́ọ̀lù, ariwo á ta. Lónìí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wú, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú apá kan lára rẹ̀, tàbí kíndìnrín kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwé oògùn ti pọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, owó tí wọn yóò fi rà á ni kò sí. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí àdúgbò tí irú rẹ̀ kò sí.

Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rò ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìrànwọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù rí á tún wọ aṣọ, àwọn ọ̀dọ́ á kojú wọn, èèyàn á san owó kékeré wọlé, wọ́n á kó ohun tó bá jọ fún aláìsàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa lónìí ni pé: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọn fèrè ìparí, tí oníkálukú ti padà sílé rẹ̀, ọjọ́ kejì ńkọ́? Oṣù kẹfà ńkọ́? Ọdún kẹta ńkọ́?

Ọmọ Dakar tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣọ́

Ìtàn kan wà tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yẹ kó mọ̀. Jean-Pierre Adams ni orúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n bí i ní Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 1948. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà mú un dé ilẹ̀ Faransé, ìdílé kan níbẹ̀ ló sì gbà á tọ́ bí ọmọ wọn.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nîmes, ó gbá fún Nice, ó gbá fún Paris Saint-Germain. Láàárín ọdún 1972 sí 1976, ó gbá fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Faransé nígbà 22. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí, òun àti Marius Trésor, ọmọ Guadeloupe. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣọ́ dúdú, torí pé ẹni tó bá fẹ́ gba àárín wọn kọjá yóò kọ́kọ́ làágùn.

Nígbà tí ọdún 1982 fi dé, ó ti fi bọ́ọ̀lù ńlá sílẹ̀, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń kọ́. Orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta ọdún náà, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Lyon kí wọ́n bá a tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34). Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un kì í ṣe èyí tó ń ba èèyàn lẹ́rù.

Lọ́jọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìwòsàn náà ń daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà akunilóorun kan ṣoṣo ló ń mójú tó aláìsàn mẹ́jọ. Ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló wà lọ́dọ̀ Adams. Wọn kò ki ọ̀pá tí yóò fi máa mí síbi tó yẹ, èémí kò dé ọpọlọ, ọkàn rẹ̀ sì dákẹ́. Wọ́n rí ọkàn náà jí padà, ṣùgbọ́n ọpọlọ ti bàjẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, Adams kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì dìde mọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógójì (39) ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2021 ló tó dágbére fáyé, ẹni ọdún 73.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún un, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́

Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò gbàgbé rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà nílẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Variétés Club de France. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn oníròyìn àti àwọn gbajúmọ̀ ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ láti fi wá owó fún aláìní àti aláìsàn. Ẹgbẹ́ yìí kojú àwọn ọ̀rẹ́ Adams nídìí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà wá ìrànwọ́ fún ìdílé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti gbá fún rí dá owó. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé náà fi owó ṣọwọ́.

Owó yẹn ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ẹjọ́ tí ìdílé náà pè kò tètè yanjú. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí ilé ẹjọ́ tó dá dókítà náà àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n oṣù kan tí wọn kò ní lọ, àti owó ìtanràn kékeré, ni ìdájọ́ wọn. Bí ìdílé náà bá jókòó de ilé ẹjọ́ nìkan, kí ni aláìsàn ì bá jẹ?

Ibi tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìrànwọ́ ti wúlò nìyí. Ó máa ń tètè dé. Kì í dúró de ìwé, kì í dúró de adájọ́. Ó tún máa ń sọ fún aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀ pé wọn kò dá wà.

Ẹni tó kù lẹ́yìn tí pápá ti ṣófo

Ṣùgbọ́n pápá á ṣófo. Ẹni tó dúró ti Adams lẹ́yìn ìyẹn ni Bernadette, ìyàwó rẹ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n fẹ́ ara wọn, ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti lo nǹkan bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní kó wá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó gbé e sí, ó kọ̀ jálẹ̀. Lọ́dún 1983, ó gbé ọkọ rẹ̀ wálé, nítòsí Nîmes.

Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ń lọ oúnjẹ kúnná kó tó fi bọ́ ọ. Ó ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ òsì kí egbò má bàa dá sí i lára. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbọ́. Bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá pé, ó ń ra ẹ̀bùn fún un. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá (13,000) òru tí obìnrin yìí fi ṣe é. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá fún Adams, ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Àwọn àgbà wa ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí mọ̀ pé ẹni tó ń wo àrùn náà ló ń rù ú jù. Nígbà tí a bá ń kó owó jọ fún agbábọ́ọ̀lù tó dùbúlẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa pé: ta ló ń gbé e lọ sí balùwẹ̀? Ta ni kò lọ sọ́jà mọ́ nítorí rẹ̀? Bí ìyàwó bá ti pa ìsọ̀ rẹ̀ tì, ilé náà ti pàdánù owó lọ́nà méjì.

Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa

Ẹ jẹ́ ká wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Rashidi Yekini, tí àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ ará Ira ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, lọ́dún 1993. Òun ló gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje ife àgbáyé, ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 1994, nígbà tí wọ́n na Bọ̀géríà ní 3 sí 0. Gbogbo wa la rántí bó ṣe di àwọ̀n mú, tó ń ké.

Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ń dá gbé ní Ìbàdàn. Ìròyìn ń jáde pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, pé ó ń yẹra fún èèyàn. Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012 ló kú, ẹni ọdún 48 péré, wọ́n sì gbé e lọ sin ní Ira. Ìgbà yẹn ni ẹkún ta káàkiri, tí oníkálukú ń sọ bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ìfẹ́ tó bá dúró di ọjọ́ ìsìnkú ti pẹ́ jù.

Ti Christian Chukwu yàtọ̀ díẹ̀. Òun ni balógun ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà ní Èkó lọ́dún 1980. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá lọ́dún 2019, oníṣòwò ńlá nì, Femi Otedola, fi 50,000 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Chukwu padà sílé, ó sì tún lo ọdún bíi mélòó kan láyé kó tó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù mélòó ló ní Otedola? Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún àdúgbò tàbí fún ìlú, tí orúkọ rẹ̀ kò dé Èkó, àwa aládùúgbò rẹ̀ ni Otedola rẹ̀.

Ọ̀kan wà tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ṣe lè pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ. Stiliyan Petrov, ọmọ Bọ̀géríà, ló ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2012. Ara rẹ̀ bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n ṣe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan fún un ní pápá Celtic ní Glasgow, tó nǹkan bí 60,000 èèyàn wá, òun fúnra rẹ̀ sì wọ pápá. Àjọ kan ti wà lórúkọ rẹ̀ láti ran àwọn mìíràn tó ní irú àrùn náà lọ́wọ́, lára owó ọjọ́ náà sì lọ síbẹ̀. Èyí ni pé ohun tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan di ti ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, ẹ mọ ìṣírò ju àwa lọ. Ká ní èèyàn 500 wá wo bọ́ọ̀lù, tí oníkálukú san 200 sefa. Ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) sefa nìyẹn. Owó gidi ni, ṣùgbọ́n aláìsàn tó ń ra oògùn lóṣooṣù, tó sì ń lọ sí CHUD fún àyẹ̀wò, kò ní í pẹ́ tó fi máa tán.

Ká wá ní ogójì (40) èèyàn péré lára àwọn tó wá ń dá 100 sefa lọ́sẹ̀. 4,000 sefa ni lọ́sẹ̀ kan. Bí ọdún bá yípo, ó ti di 208,000 sefa. Ó ju ìlọ́po méjì owó tí bọ́ọ̀lù mú wá lọ, kò sì ni ẹnikẹ́ni lára. Àwa Yorùbá kò ní láti lọ kọ́ eléyìí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Èsúsú ni, àjọ ni, bàbá wa àti ìyá wa ló fi lé wa lọ́wọ́.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà jẹ́ ọjọ́ tí àjọ yóò bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ máa dá a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pápá, kí èèyàn tó túká.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò yẹ ká gbójú fò. Àkọ́kọ́, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ kí ẹ tó kéde rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́ akọni rí kì í fẹ́ kí wọ́n máa gbé àwòrán ara rẹ̀ tó ti rù kiri orí fóònù. Èkejì, kí owó má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tí gbogbo ọjà mọ̀ sí olóòótọ́, kí wọ́n ka owó lójú gbogbo ayé, kí wọ́n sì kéde iye rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀kẹta, ohun tó bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn, kí wọ́n san án níbẹ̀ tààrà, kí wọ́n gba rìsíìtì. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, kó lè tún ìsọ̀ rẹ̀ ṣí.

Àwọn tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n. Ètò ARCH tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé kalẹ̀ ní adójútòfò ìlera nínú. Ẹ lọ sí méríì, ẹ bèèrè èyí tó tọ́ sí yín, nígbà tí ara ṣì le.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní Ladjifarani, a ó lọ, a ó san owó wa, a ó pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú wa tún kan ilẹ̀kùn ọkùnrin náà ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí kò sí bọ́ọ̀lù, tí kò sí ariwo, kó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀jú o. Ṣé ẹ ti jẹun?"