Yí I Lẹ́ẹ̀kan, Kó Bọ́ Ẹyọ Kan

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, inú ike ńlá ni súwíìtì máa ń wà. Ọmọ dé, ó na owó, ìyá ṣọ́ọ̀bù ki ọwọ́ bọ ike. Ẹ̀rọ kan wà tó lè gba iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ṣe. Kò lo iná, kò lo bátìrì, kápẹ́ńtà àdúgbò sì lè kàn án.

Òkè ni àrọ wà, níbi tí a ń da súwíìtì sí. Ike omi tí a gé orí àti ìdí rẹ̀ dànù ti tó. Abẹ́ rẹ̀ ni pákó roboto kan tó ń yí, tí a lu ihò mẹ́rin sí yíká. Abẹ́ ìyẹn ni pákó mìíràn tí kì í yí, tó ní ihò kan ṣoṣo.

Ìbòrí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Tí súwíìtì inú àrọ bá lè kọjá tààrà sí ihò ìsàlẹ̀, ṣe ni gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀. Nítorí náà, a ó kan pákó fẹ́lẹ́ kan sínú àrọ, lókè ihò ìsàlẹ̀ yẹn, kó fẹ̀ jù ú lọ sọ́tùn-ún sósì. Súwíìtì á já sínú ihò pákó tó ń yí, á wọ abẹ́ ìbòrí, ibẹ̀ ni ilẹ̀ á ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù kò ní lè tẹ̀ lé e. Bí a bá yí i dé ìdá mẹ́rin, ẹyọ kan á bọ́. Ọgbọ́n tó jọ èyí ló wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo, èyí tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, mọ̀ dáadáa.

Súwíìtì la kọ́kọ́ ń wọ̀n, kì í ṣe pákó. Ká ní ṣingọ́ọ̀mù roboto tó fẹ̀ tó mílímítà 20 ni. Kí ihò fẹ̀ tó 22 tàbí 23, kí pákó tó ń yí nípọn tó súwíìtì gan-an. Bí pákó bá fẹ́lẹ́ jù, orí súwíìtì á yọ síta, ìbòrí á sì há a. Rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ etí ìbòrí á jẹ́ kó ráyè yẹ̀. Súwíìtì tí wọ́n lọ́ ìwé rẹ̀ lápá méjèèjì kò dára fún ẹ̀rọ yìí, torí etí ìwé náà a máa kọ́ ara wọn.

Níbi ìlọta, igi ni wọ́n fi ń ti ata tó há sẹ́nu ẹ̀rọ. Súwíìtì náà ń há bẹ́ẹ̀: mẹ́ta mẹ́rin á fi èjìká ti ara wọn, abẹ́ wọn á ṣófo. Àrọ tó fẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún súwíìtì kì í sábà há. Ẹ tún kan èèkàn kékeré sórí pákó tó ń yí, kó máa rò wọ́n bó ṣe ń lọ.

Páálí ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́, tí ẹ lẹ̀ mọ́ra wọn títí á fi nípọn. Ẹ yí i ní àádọ́ta ìgbà, kí ẹ kọ iye tó bọ́ sílẹ̀. Pákó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Lókè òkun, owó ẹyọ ló ń ṣí irú ẹ̀rọ yìí. Láti 1888 ni Thomas Adams, oníṣòwò ṣingọ́ọ̀mù kan, ti gbé ti ṣingọ́ọ̀mù sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní New York. Ṣùgbọ́n náírà onírin tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé jáde ní 2007, ta ló ń ná an ní Ọjà Ọba? Kí ìyá ṣọ́ọ̀bù gba owó, kí ọmọ yí ẹ̀rọ.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni kòkó, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣokoléètì sínú ẹ̀rọ náà: ọ̀rá kòkó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 34°C, oòrùn ọ̀sán kò sì jìnnà síyẹn. Nígbà òjò, ṣúgà a máa fa omi, súwíìtì á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ da díẹ̀ sínú àrọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dé e pa. Nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ lè tú ni kí ẹ fi de pákó tó ń yí náà, kó lè rọrùn láti yọ fọ̀ kí èèrà tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.