Níbo ni Olùkọ́ Yóò Máa Gbé? Bí a ṣe Ń Ṣètò Ilé Tí Apá Òṣìṣẹ́ Ká

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín, inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa ń gbé. Ẹni tí ìṣirò kò bá yé ní ọ̀sán lè kan ilẹ̀kùn olùkọ́ ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì bá a nídìí iṣẹ́ wa tí ó ń yẹ̀ wò. Lónìí tí a ń ṣe àjọyọ̀ ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n agogo mẹ́rin ìdájí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àwọn ọmọ wa ń jí kí wọ́n tó lè bá àdúrà òwúrọ̀. Ìlú ńlá ti fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, owó ilé ti gòkè, owó oṣù kò sì lè bá a rìn. Àdúgbò tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ kò bá ti rí ibi gbé, bó pẹ́ bó yá, yóò pàdánù wọn.

Kí ni à ń pè ní ilé tí apá òṣìṣẹ́ ká? Òdiwọ̀n tí àwọn aṣètò ìlú sábà máa ń lò ni pé owó ilé kò gbọdọ̀ ju ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìpín 30 rẹ̀ jẹ́ 21,000 náírà lóṣù, èyíinì ni 252,000 náírà lọ́dún. Ẹ̀yin òbí tí ẹ mọ iye tí à ń san fún yàrá àti pálọ̀ ní àyíká Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ fi wéra. Ohun tí ó tún mú un nira ni pé oṣooṣù ni òṣìṣẹ́ ń gba owó, ṣùgbọ́n owó ọdún kan gbáko ni ọ̀pọ̀ onílé ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú rí. Ní ọdún 1958, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, a dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀. Àjọ yìí ni ó ṣètò Bódìjà ní Ìbàdàn. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, Gómìnà Lateef Jakande kọ́ ilé tí ó lé ní 20,000 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Abẹ́sàn, Òkè-Àfà, Ìbà, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin àti ibòmíràn. Ilé náà kò ní ọ̀ṣọ́, àwòrán kan náà ni a sì ń tún kọ́. Ohun tí ó mú kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n nìyẹn. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àwọn àdúgbò wọ̀nyí.

Síbẹ̀, ẹni tí ó ra ilé ní owó pọ́ọ́kú lè tà á fún ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe bọ́ sí iye tí ọjà bá pè é. Lónìí, olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò lè dábàá àtigbé Bódìjà. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé kí a kọ́ ilé ní owó kékeré nìkan kò tó. Ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń pinnu bóyá ilé náà yóò máa jẹ́ ti òṣìṣẹ́ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tètè rí èyí ni George Cadbury, Kristẹni ìjọ Quaker ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ń ra kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1879, wọ́n kó ilé-iṣẹ́ náà kúrò nínú èéfín ìlú Birmingham lọ sí ìgbèríko tí wọ́n sọ ní Bournville. Láti ọdún 1895 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé síbẹ̀, ọgbà sì wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ó kọ́ ọ fún. Ní ọdún 1900, ó fi ilẹ̀ àti ilé náà lé ìgbìmọ̀ alágbàtọ́jú lọ́wọ́, kò fi wọ́n sílẹ̀ bí ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ṣì wà títí di òní.

Báwo ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí lọ́dọ̀ wa? Ilẹ̀ ni ó ṣáájú. Kí awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí a bá àwọn ẹbí tí ó ni ẹ̀tọ́ níbẹ̀ parí ọ̀rọ̀, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà, omi àti gọ́tà ni ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó kọ́ ilé kí ó tó ronú kan àgbàrá yóò tún un kọ́. Lẹ́yìn náà ni ilé fúnra rẹ̀: kí ó bẹ̀rẹ̀ ní yàrá àti pálọ̀, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì lè gba àfikún bí ìdílé bá ń pọ̀. Ní ti owó, òfin ọdún 1992 gbé àpò owó ilé ti orílẹ̀-èdè kalẹ̀, nínú èyí tí òṣìṣẹ́ ń dá ìpín 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí. Olùdásí lè tipasẹ̀ rẹ̀ yá owó ilé tí èlé rẹ̀ kéré sí ti ilé ìfowópamọ́ gbogbo. Ẹ bi àwọn ọmọ yín tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba bóyá wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ilẹ̀ tí àwọn baba ìjọ fi sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣì ṣẹ́kù lẹ́yìn pápá ìṣeré, àwọn kan sì ti ń dámọ̀ràn pé kí a ta lára rẹ̀ láti fi tún gbọ̀ngàn ńlá ṣe. A kò kẹ́gàn gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a bá tà lónìí kò ní í ṣeé rà padà lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a fi í sí abẹ́ ìgbìmọ̀ alágbàtọ́jú, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò gbọdọ̀ tà á, kí a sì fi ilé olùkọ́ mẹ́rin péré bẹ̀rẹ̀. Olúwa wa kọ́ wa nínú òwe rẹ̀ pé ó yẹ kí ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ẹ wá kí a jọ jókòó ṣírò. Bí olùkọ́ bá tún ń gbé láàárín wa, àwọn ọmọ wa yóò tún rí ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn ní ìrọ̀lẹ́.