Àbọ̀ Àyẹ̀wò Nìkan Kọ́ Ni Í Dá Ẹjọ́ Àìsàn Lupus

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá àìsàn lupus àti àwọn ìbátan rẹ̀ mu rẹ́gí, nítorí pé áńtíbọ́dì tí Elédùmarè, Ọba adẹ́dàá, fi sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kí ó lè máa lé kòkòrò àrùn sẹ́yìn, òun gan-an ni ó yíjú padà sí onílé, tí ó sì ń ba oríkèé, awọ ara, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Obìnrin ni ó ń mú jù: nínú ẹni 10 tí lupus ń bá fínra, bí 9 ni ó jẹ́ obìnrin.

Nítorí pé àìsàn yìí a máa fara jọ ibà tàbí làkúrègbé, ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá àmì rẹ̀ nínú ara. Ní 1948, Malcolm Hargraves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kéde pé nínú mùdùnmúdùn egungun àwọn tí lupus mú, àwọn rí sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé kóró sẹ́ẹ̀lì mìíràn mì. Ní 1957 sì ni George Friou fi aró tí ń tàn ṣàwárí áńtíbọ́dì tí ń bá kóró sẹ́ẹ̀lì jà, èyí tí í ṣe ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò tí a ń pè ní ANA lónìí.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọn á ya omi ara ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, wọn á bu omi là á, wọn á sì kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ti wà lórí rẹ̀. Bí áńtíbọ́dì náà bá wà níbẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ kóró sẹ́ẹ̀lì. Wọn á ṣan ìyókù dànù, wọn á fi aró sí i, nígbà tí wọ́n bá sì gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kóró wọ̀nyí á máa tàn bí àwọ̀ ewé, òmíràn dọ́gba kárí, òmíràn tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Àbọ̀ tí ó bá kà 1:80 fi hàn pé a la ẹ̀jẹ̀ náà títí ó fi ku ìdá kan nínú 80, síbẹ̀ ó ṣì ń tàn.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tí lupus mú ni ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tàn, ìwádìí tí Eng Tan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé nínú ẹni 100 tí ara wọn dá ṣáṣá, ti bí 13 tàn ní 1:80. Ibà pàápàá lè mú un tàn.

Nílẹ̀ wa, ní 1968, Brian Greenwood, oníṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Lancet pé irú àìsàn báyìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó sì rò pé bóyá ibà ni ó ń dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2009, Fẹ́mi Adélówò àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn ẹni 66 tí wọ́n ti tọ́jú fún lupus ní Èkó. Àrùn tí a kò wá, a kì í rí i.

Nítorí náà, bí ANA bá tàn, tí àmì àìsàn sì wà lára, dókítà á tún wá áńtíbọ́dì kan pàtó: anti-dsDNA àti anti-Sm a máa tọ́ka sí lupus, Scl-70 a máa tọ́ka sí àrùn tí ń sọ awọ ara di líle, anti-Ro sì lè gba ibi ọmọ kọjá lọ ba ọkàn ọmọ inú oyún jẹ́, nínú bí 2 lára oyún 100 tí ìyá wọn ní in.

Ẹni tí oríkèé rẹ̀ ń wú, tí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, tí irun rẹ̀ ń já, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìtọ́jú ibà tí kò ṣiṣẹ́ gba ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó béèrè àyẹ̀wò yìí, kí ó sì gbé àbọ̀ náà lọ bá dókítà tí yóò yẹ ara rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn tàn díẹ̀, kí ó fọkàn balẹ̀: ara rẹ̀ náà ní ẹ̀rí tí ó ń jẹ́.